Nígbà Tí MGB Bá Kọ̀ Láti Jí: Bí Ẹ Ṣe Máa Tọpa Iná Láti Bátìrì Dé Púlọ́ọ̀gì

Ọ̀pọ̀ MGB, mọ́tò àtijọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó dúró sínú gáréèjì lónìí tí kò ṣiṣẹ́, ohun tó ń ṣe é kò tó nǹkan: waya kan tó já sínú rọ́bà rẹ̀, ẹnu waya tó dípẹtà, tàbí rótọ̀ tuntun (ẹ̀yà tó ń yí láti pín iná) tí kò dára. Ohun tó ń tú àpò àwọn tó ni wọ́n ni pé wọ́n máa ń ra ọjà kí wọ́n tó yẹ nǹkan wò. Wọ́n á ra kọ́ìlì lónìí, wọ́n á ra kọ̀ńdẹ́ńsà lọ́la, mọ́tò ò ní jí síbẹ̀, wọn ò sì ní mọ̀ mọ́ bóyá ọjà tuntun náà ló tún fi àléébù kún àléébù. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni èmi fara mọ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ níbi tí iná ti ń jáde, ẹ tọ ọ̀nà tó ń gbà, kí ẹ má sì kúrò ní ibì kan títí mítà yóò fi sọ fún yín pé ibẹ̀ dára.

Mọ́tò tí mo ní lọ́kàn ni MGB onísílíńdà 4, ẹ́ńjìnnì 1798 cc, tí wọ́n ṣe ní ìlú Abingdon nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 1962 sí 1980, tó ń lo kọ́ńtáàtì (ẹnu irin méjì tó ń là tó sì ń padé) nínú dísítíríbútọ̀ Lucas, ẹ̀yà tó ń pín iná fún àwọn púlọ́ọ̀gì. Àwọn tí wọ́n kó lọ sí Amẹ́ríkà láti 1975 ní ìgníṣọ̀n (ètò iná tó ń jí ẹ́ńjìnnì) onílẹ́kítírọ́níìkì ti wọn látilé iṣẹ́, àyẹ̀wò tiwọn sì yàtọ̀ láti ìgbésẹ̀ kẹta lọ. Ẹni tó bá ti jókòó ti mẹkáníìkì tó ń tún mọ́tò Ìjàpá ṣe nílé kò ní ṣàjèjì sí àwọn ẹ̀yà tí mo fẹ́ dárúkọ. Ètò kan náà ni, bí wọ́n ṣe tò wọ́n ló yàtọ̀.

Bí iná ṣe ń rìn

Ọ̀nà méjì ni iná ìgníṣọ̀n ń gbà. Àkọ́kọ́ ni ọ̀nà iná kékeré, fólítì 12. Ó ń ti bátìrì wá nínú waya búráùn dé ìdí kọ́kọ́rọ́. Bí ẹ bá ṣí kọ́kọ́rọ́, ó bọ́ sínú waya funfun, ó dé kọ́ìlì, ó gba inú kọ́ìlì kọjá, ó jáde nínú waya funfun tó ní ìlà dúdú lára, ó wọ dísítíríbútọ̀, ó gba orí kọ́ńtáàtì bọ́ sí ẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ara irin mọ́tò.

Èkejì ni ọ̀nà iná ńlá. Nígbà tí kọ́ńtáàtì bá là, iná kékeré á já lójijì, agbára máginẹ́ẹ̀tì tó wà nínú kọ́ìlì á wó, wíwó yẹn ló sì ń bí iná tó lè ju fólítì 20,000 lọ. Iná yìí á gba waya nípọn tó wà láàárín orí kọ́ìlì lọ sí àárín ìdérí dísítíríbútọ̀, á gba ara kábọ́ọ̀nù kékeré tó wà níbẹ̀ bọ́ sórí rótọ̀, rótọ̀ á sì pín in fún púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní ìtẹ̀léra 1, 3, 4, 2. Kọ̀ńdẹ́ńsà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́ńtáàtì kó lè gba iná tó fẹ́ fò kọjá nígbà tí ẹnu kọ́ńtáàtì ń là. Láìsí i, kọ́ńtáàtì á jó, sípáàkì á sì rọ.

Ẹ jẹ́ kí àwòrán yìí wà lọ́kàn yín. Gbogbo àyẹ̀wò tó kù, ìbéèrè kan náà ló ń béèrè: ibo ni iná dé kó tó dúró?

Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ nípa mọ́tò yín kí ẹ tó gbé irinṣẹ́

Ẹ kọ́kọ́ wo ẹnu bátìrì tó so mọ́ ara mọ́tò. Títí di 1967, pọ́sítíìfù ni wọ́n so mọ́ ẹ́ẹ̀tì. Lẹ́yìn ìgbà náà ó di nẹ́gétíìfù. Ṣùgbọ́n ẹ má gbọ́kàn lé ọdún tí wọ́n ṣe mọ́tò, nítorí àìmọye àwọn tó ti lo àwọn mọ́tò yìí ló ti yí i padà. Ẹ̀yìn ìjókòó ni bátìrì wà, lábẹ́ pákó tó bo ibẹ̀. Títí di 1974, bátìrì méjì onífólítì 6 ni wọ́n so pọ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fi ẹyọ kan onífólítì 12 sí i. Àmì tó wà lára bátìrì gan-an ni kí ẹ wò. Ẹ má ṣe gba àwọ̀ waya gbọ́.

Èyí kan kọ́ìlì. Bí nẹ́gétíìfù bá wà ní ẹ́ẹ̀tì, ẹnu kọ́ìlì tó ní àmì − ni waya dísítíríbútọ̀ gbọ́dọ̀ wà. Bí ó bá jẹ́ pọ́sítíìfù ló wà ní ẹ́ẹ̀tì, ẹnu + ni. Àwọn kọ́ìlì àtijọ́ kan ní CB àti SW dípò àmì wọ̀nyẹn: wọ́n ṣe wọ́n fún ìgbà tí pọ́sítíìfù wà ní ẹ́ẹ̀tì, CB sì ni ti dísítíríbútọ̀. Bí wọ́n bá yí ẹ́ẹ̀tì mọ́tò náà padà láìyí waya kọ́ìlì, ẹ́ńjìnnì á ṣì máa ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n sípáàkì rẹ̀ kò ní lágbára tó, pàápàá bí ẹ bá ń gun òkè.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ mọ irú dísítíríbútọ̀ tó wà lórí rẹ̀. 25D4 ni ti àwọn mọ́tò tó jáde títí di nǹkan bí 1974, 45D4 sì ni ti àwọn tó tẹ̀ lé e. Wọ́n tẹ orúkọ náà sára rẹ̀. Rótọ̀, ìdérí àti kọ́ńtáàtì ọ̀kan kò bá èkejì mu.

Ẹ tún wo irú kọ́ìlì tó wà níbẹ̀. Ẹ yọ waya méjèèjì kúrò lẹ́nu rẹ̀, kí ẹ fi mítà wọn óòmù láàárín ẹnu méjèèjì. Bí ẹ bá rí 3 àti díẹ̀, kọ́ìlì onífólítì 12 ni. Bí ẹ bá rí nǹkan bí 1.5, kọ́ìlì tó ń fẹ́ waya adínágbára ni, irú èyí tí wọ́n ń lò láti nǹkan bí 1974. Nínú mọ́tò bẹ́ẹ̀, wọ́n ti hun waya kan tó ń dín iná kù mọ́ àárín àwọn waya yòókù. Ojú kò rí i. Ìgbà tí sítátà ń yí nìkan ni kọ́ìlì náà ń gba iná bátìrì tààrà. Bí wọ́n bá fi kọ́ìlì 1.5 sórí iná tí wọn ò dín kù, á gbóná kọjá ààlà, á sì jó kọ́ńtáàtì run. Bí wọ́n bá sì fi kọ́ìlì 3 sórí waya adínágbára, sípáàkì á rọ títí ayé, ẹnikẹ́ni ò sì ní mọ ìdí rẹ̀. Mo ka èyí sí ọ̀kan nínú ohun tó ń gba àkókò àwọn èèyàn jù, nítorí kọ́ìlì méjèèjì jọra bí ìbejì.

Irinṣẹ́ kò pọ̀: mítà, gílóòbù fólítì 12 tí ẹ so waya méjì mọ́, fílà géèjì (irin pẹlẹbẹ tí a fi ń wọn àlàfo), ohun ìṣípúlọ́ọ̀gì, sikurudiráfà tẹ́ẹ́rẹ́, waya gígùn kan tó ní ẹnu ìgbámú, páálí-yíyọ̀ tín-ín-rín àti aṣọ tó mọ́.

Ẹ fi gíà sí fríì, ẹ fa bíréèkì ọwọ́, ẹ fi nǹkan há táyà. Ẹ yọ òrùka àti aago irin kúrò lọ́wọ́, pàápàá nídìí bátìrì. Ẹni tí wọ́n bá fi ẹ̀rọ sí lọ́kàn kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ẹ́ńjìnnì nígbà tí sípáàkì ń ta. Bí ẹ bá ń gbọ́ òórùn pẹtiróòlù, ẹ wá ibi tó ti ń jò ná kí ẹ tó dán sípáàkì kankan wò. Ẹ má sì fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ ní ṣíṣí fún ìgbà pípẹ́ nígbà tí ẹ́ńjìnnì kò yí: bí kọ́ńtáàtì bá wà ní pípadé, kọ́ìlì á máa sè.

Ṣé iná ni, àbí epo?

Ẹ ṣí kọ́kọ́rọ́, kí ẹ dákẹ́, kí ẹ tẹ́tí. Pọ́ǹpù epo SU tó wà lẹ́yìn á máa dún tìkì-tìkì-tìkì, á sì dáwọ́ dúró nígbà tí káábúrétọ̀ bá kún. Bí kò bá dún rárá, tàbí tó ń dún láìdáwọ́ dúró, ẹ lọ wo ọ̀nà epo kí ẹ tó fi ọwọ́ kan dísítíríbútọ̀. Waya funfun kan náà ló ń mú iná wọ ìdí ìgníṣọ̀n àti ìdí fíúsì tó ń pín iná fún ọ̀pọ̀ nǹkan mìíràn, nítorí náà bí géèjì epo náà ò bá gbéra, tí iná atọ́ka tí í máa pa kọ̀rọ̀-kọ̀rọ̀ kò sì ṣiṣẹ́, ẹ fura sí ìdí kọ́kọ́rọ́.

Bí mọ́tò bá ń kú lójú ọ̀nà, géèjì ìyípo ẹ́ńjìnnì á sọ púpọ̀ fún yín. Ẹ wò ó ní ìṣẹ́jú àáyá tí ẹ́ńjìnnì ń kú lọ nígbà tí gíà ṣì wà nínú rẹ̀, tí táyà sì ń yí i. Bí abẹ́rẹ́ náà bá já wálẹ̀ sí òdo lójijì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì ń yí, iná kékeré ló já. Bí abẹ́rẹ́ náà bá ń rọra sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì, iná kékeré wà. Ẹ wá àléébù náà nínú iná ńlá tàbí nínú epo. Àwọn MGB àkọ́kọ́, ti ìgbà tí 1964 kò tíì parí, kò lè sọ èyí fún yín, nítorí okùn irin tó ń yí ló ń gbé abẹ́rẹ́ tiwọn.

Ìgbésẹ̀ kìíní: bátìrì àti ẹ́ẹ̀tì

A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Bátìrì tó kún, tí a kò lò fún wákàtí mélòó kan, yẹ kó fi fólítì 12.6 hàn. Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn yí sítátà nígbà tí ẹ̀yin ń wo mítà: bí ó bá sọ̀ kalẹ̀ kọjá 9.5, bátìrì ò dára, tàbí ẹnu rẹ̀ dípẹtà. Sítátà lè máa yí dáadáa níbẹ̀ kí iná tó ṣẹ́kù fún kọ́ìlì má tó. Nínú àwọn mọ́tò onibátìrì méjì, ẹ wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan lè ti kú kí èkejì máa ru ẹrù méjèèjì.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá waya ẹ́ẹ̀tì tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ ara mọ́tò. Orí rọ́bà ni ẹ́ńjìnnì jókòó sí, rọ́bà kì í sì í gba iná kọjá. Bí wọ́n bá gbàgbé láti dá waya náà padà lẹ́yìn tí wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì sọ̀ kalẹ̀, iná á wá ọ̀nà mìíràn padà, okùn irin tí ẹsẹ̀ fi ń fa káábúrétọ̀ sì ni ó sábà máa ń gbà. Bí okùn yẹn bá gbóná nígbà tí ẹ yí sítátà, ẹ ti rí àléébù yín. Ẹ tú waya ẹ́ẹ̀tì, ẹ fi bọ́rọ́ọ̀ṣì irin ha ẹnu rẹ̀ àti ibi tó fara kàn títí irin yóò fi dán, kí ẹ dì í padà pinpin.

Ìgbésẹ̀ kejì: ṣé iná dé kọ́ìlì?

Ẹ fi ẹnu mítà kan sí ẹ́ẹ̀tì, èkejì sí ẹnu kọ́ìlì tí waya funfun ti wọlé. Ẹ ṣí kọ́kọ́rọ́. Bí kọ́ńtáàtì bá wà ní lílà, ẹ gbọ́dọ̀ rí iná bátìrì lódindi. Bí kọ́ńtáàtì bá wà ní pípadé, kọ́ìlì onífólítì 12 á fi díẹ̀ dín sí ti bátìrì; kọ́ìlì tó ń fẹ́ waya adínágbára á fi nǹkan bí ìdajì hàn.

Bí iná kò bá dé ibẹ̀ rárá, ẹ fi waya gígùn so ẹnu waya búráùn tó wà ní ìdí fíúsì mọ́ ẹnu kọ́ìlì yìí tààrà, kí ẹ sì yí sítátà. Bí ẹ́ńjìnnì bá jí, àléébù náà wà láàárín kọ́kọ́rọ́ àti kọ́ìlì. Ẹ kíyè sára pẹ̀lú waya yìí: kọ́kọ́rọ́ ò ní lè pa ẹ́ńjìnnì mọ́ títí ẹ ó fi yọ ọ́, kò sì yẹ kó pẹ́ lórí kọ́ìlì 1.5. Ẹ rántí pẹ̀lú pé waya funfun ìgníṣọ̀n kò ní fíúsì nínú ọ̀pọ̀ àwọn mọ́tò yìí. Bí ó bá kan ara irin, á jó ni.

Láàárín kọ́kọ́rọ́ àti kọ́ìlì, ibi tí mo máa ń fura sí jù ni àwọn ẹnu waya roboto tí wọ́n ń tì bọ inú rọ́bà dúdú. Ìpẹtà máa ń wọ inú wọn. Ẹ yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ nù wọ́n, ẹ tì wọ́n padà. Ibi kejì ni kọ́kọ́rọ́ fúnra rẹ̀: ẹ ṣí i, ẹ mì í díẹ̀, kí ẹ máa wo mítà. Ibi kẹta, tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rò rárá, ni ẹ̀yìn géèjì ìyípo ẹ́ńjìnnì. Láti ìparí 1964 títí di 1972, iná kọ́ìlì ń gba ẹ̀yìn géèjì yẹn kọjá kó tó dé ẹ́ńjìnnì. Bí waya ẹ̀yìn rẹ̀ bá bọ́ nígbà tí ẹnì kan ń tún rédíò ṣe, mọ́tò á kú.

Fún àwọn tó ní waya adínágbára, àmì méjì ló yẹ kí ẹ mọ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá dáhùn nígbà tí sítátà ń yí, tó sì kú ní kété tí ẹ jọ̀wọ́ kọ́kọ́rọ́, waya adínágbára náà ti já. Bí kò bá dáhùn rárá nígbà tí sítátà ń yí, ṣùgbọ́n tó fẹ́ jí ní ìṣẹ́jú àáyá tí ẹ jọ̀wọ́ kọ́kọ́rọ́, iná tó yẹ kó ti ìdí sítátà wá kò dé.

Ìgbésẹ̀ kẹta: inú dísítíríbútọ̀

Ibí ni kí ẹ ti fara balẹ̀ jù. Apá ọ̀tún ẹ́ńjìnnì ni dísítíríbútọ̀ wà bí ẹ bá jókòó sínú mọ́tò. Ẹ ṣí ìdérí rẹ̀, ẹ yọ rótọ̀. Ẹ gbé ẹnu mítà sí ẹnu kọ́ìlì tó lọ sí dísítíríbútọ̀, kí èkejì wà ní ẹ́ẹ̀tì, kí kọ́kọ́rọ́ wà ní ṣíṣí. Ẹ fi gíà sí 4, kí ẹ rọra ti mọ́tò síwájú díẹ̀díẹ̀ títí kọ́ńtáàtì yóò fi là, tí yóò sì tún padé. Nígbà tó bá là, mítà gbọ́dọ̀ fi fólítì bátìrì hàn. Nígbà tó bá padé, mítà gbọ́dọ̀ sún mọ́ òdo, kó má ju 0.2 lọ.

Bí mítà bá dúró sí 12 ní gbogbo ìgbà, iná kò rí ọ̀nà bọ́ sí ẹ́ẹ̀tì. Ó lè jẹ́ pé ẹnu kọ́ńtáàtì dọ̀tí tàbí kò padé. Kọ́ńtáàtì tuntun sábà máa ń ní òróró tí wọ́n fi pa á kó má dípẹtà lára. Bí a kò bá nù ún, mọ́tò kò ní jí. Ẹ fi páálí tó mọ́ fa ẹnu rẹ̀. Ó sì lè jẹ́ waya. Nínú dísítíríbútọ̀ 25D4, waya kékeré méjì ló wà tí kì í sinmi, nítorí pẹpẹ tí kọ́ńtáàtì jókòó sí ń yí síwá-sẹ́yìn bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń fà á: ọ̀kan ń mú iná wọlé, èkejì ń so pẹpẹ náà mọ́ ẹ́ẹ̀tì. Wọ́n máa ń já sínú ohun tó bò wọ́n, kí ìta wọn sì máa dán bíi tuntun. Ẹ fi mítà sí óòmù, ẹ di ìdí waya kọ̀ọ̀kan mú, kí ẹ máa rọra fà á, kí ẹ máa tẹ̀ ẹ́. Bí òǹkà bá ń fò, waya náà ti lọ. Nígbà tí ẹ bá ń pààrọ̀ rẹ̀, waya tó rọ̀ dáadáa ni kí ẹ lò. Waya líle kò ní pẹ́ kó tó tún já.

Bí mítà bá dúró sí òdo ní gbogbo ìgbà, ẹ yọ waya dísítíríbútọ̀ kúrò lẹ́nu kọ́ìlì, kí ẹ tún wọn ẹnu kọ́ìlì náà. Bí 12 bá padà wá, inú dísítíríbútọ̀ ni iná ti ń bọ́ sí ẹ́ẹ̀tì láìyẹ. Bí òdo bá ṣì ni, nígbà tí iná sì dé ẹnu kejì, inú kọ́ìlì ló já.

Nínú dísítíríbútọ̀, ohun tó sábà máa ń fa èyí ni bí wọ́n ṣe to ìdí sípíríǹgì kọ́ńtáàtì. Ẹnu waya tó ń mú iná wọlé àti ẹnu waya kọ̀ńdẹ́ńsà gbọ́dọ̀ fara kan sípíríǹgì náà, kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì wà lórí wáṣà pílásítíìkì tí kò ní jẹ́ kí wọ́n kan òpó irin tàbí pẹpẹ. Bí ẹ bá fi wáṣà kan sókè dípò ìsàlẹ̀, iná á bọ́ sí ẹ́ẹ̀tì, mọ́tò ò sì ní jí láéláé. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ kí ẹ tó tú u.

Lẹ́yìn náà ni àlàfo. Ẹ yí ẹ́ńjìnnì títí ẹsẹ̀ kọ́ńtáàtì yóò fi wà lórí ṣóńṣó igun kan lára òpó àárín, kí fílà géèjì 0.35 sí 0.40 mìlímítà, ìyẹn 0.014 sí 0.016 íǹṣì, wọ àárín rẹ̀ pẹ̀lú ìfàsẹ́yìn díẹ̀. Ẹni tó bá ní mítà tó ń ka ìgùn ìpadé, ìyẹn iye dígírì tí kọ́ńtáàtì fi wà ní pípadé, kó gbẹ́kẹ̀ lé e ju géèjì lọ: dígírì 60 ni fún 25D4, kó má fi ju 3 dín tàbí ju 3 lé, 51 ni fún 45D4, kó má fi ju 5 dín tàbí ju 5 lé. Ẹ di orí òpó àárín mú, kí ẹ gbìyànjú láti mì í sọ́tùn-ún sósì. Bí ó bá mì, àlàfo á máa yàtọ̀ láti sílíńdà dé sílíńdà, kò sì sí ìṣètò tó máa dúró títí ẹ ó fi tún dísítíríbútọ̀ náà ṣe.

Kọ̀ńdẹ́ńsà ṣòro láti fi mítà lásán dá lẹ́jọ́. Bí ẹ bá rí i pé iná búlúù ńlá ń ta lẹ́nu kọ́ńtáàtì bó ṣe ń là, òun ni kí ẹ fura sí. Ẹ má tú nǹkan púpọ̀: ẹ yọ waya ti àtijọ́, ẹ mú èyí tí ẹ mọ̀ pé ó dára, ẹ so waya rẹ̀ mọ́ ẹnu kọ́ìlì tó lọ sí dísítíríbútọ̀, kí ẹ fi bóòtì di ara rẹ̀ mọ́ irin mọ́tò. Ó ń ṣiṣẹ́ níta bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú, ó sì lè gbé yín dé ilé.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: iná ńlá

Ẹ yọ waya nípọn àárín kúrò lórí ìdérí dísítíríbútọ̀. Ẹ fi ohun tí kì í gba iná mú un, kí ẹnu rẹ̀ jìnnà sí irin ẹ́ńjìnnì tó mílímítà 6. Kí kọ́kọ́rọ́ wà ní ṣíṣí, kí kọ́ńtáàtì wà ní pípadé. Ẹ fi sikurudiráfà onígi la kọ́ńtáàtì lójijì. Sípáàkì tó nípọn, tó dún pà, gbọ́dọ̀ fò. Bí ìgbésẹ̀ kẹta bá dára tí kò sì sí sípáàkì níbí, kọ́ìlì, kọ̀ńdẹ́ńsà tàbí waya nípọn náà ni.

Bí sípáàkì bá wà níbí tí kò dé púlọ́ọ̀gì, rótọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ mú. Ẹ fi rótọ̀ padà sórí òpó rẹ̀, ẹ gbé ẹnu waya nípọn yẹn sókè orí irin rótọ̀, kó jìnnà sí i tó mílímítà 3, kí ẹ tún la kọ́ńtáàtì. Kò yẹ kí nǹkan kan fò, àbí kó jẹ́ fìrífìrí lásán. Bí sípáàkì tó lágbára bá fò sórí irin náà, iná ti gba inú rótọ̀ bọ́ sí òpó, rótọ̀ náà ò sì wúlò mọ́. Rótọ̀ tuntun tó wà lọ́jà ló pọ̀ nínú àwọn tó ń ṣe báyìí. Ìdè irin tó di orí rẹ̀ gùn sí ìsàlẹ̀ jù, pílásítíìkì tó kù láàárín rẹ̀ àti òpó kò sì nípọn tó. Ohun tí mo gbà yín nímọ̀ràn ni rótọ̀ pupa tí kò ní ìdè irin kankan lórí. Owó rẹ̀ lé díẹ̀, ó sì tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo inú ìdérí nínú ìmọ́lẹ̀ tó dáa. Kábọ́ọ̀nù àárín gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, kó sì máa fò padà bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́. Ìlà dúdú tín-ín-rín láti ẹnu kan sí èkejì jẹ́ ipa ọ̀nà tí iná ti là fún ara rẹ̀. Fífọ̀ kò wò ó sàn, ẹ pààrọ̀ ìdérí náà. Ọ̀rinrin òtútù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìkan tó láti pa mọ́tò tí ìdérí rẹ̀ bá dọ̀tí, nítorí náà ẹ nù ún gbẹ nínú àti lóde. Fún àwọn waya púlọ́ọ̀gì, ẹ dúró di alẹ́, ẹ jí ẹ́ńjìnnì, ẹ pa gbogbo iná: ibi tí iná bá ti ń jò á máa tàn búlúù.

Púlọ́ọ̀gì kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Àlàfo rẹ̀ jẹ́ 0.025 íǹṣì, ìyẹn bíi 0.63 mìlímítà, nínú mọ́tò oníkọ́ńtáàtì. Bí ó bá tutù pẹ̀lú epo, ẹ gbẹ ẹ́. Ẹ rí i pé waya wọn tẹ̀ lé 1, 3, 4, 2, kí ẹ kà á lódì sí bí ọwọ́ aago ṣe ń yí, nítorí bẹ́ẹ̀ ni rótọ̀ ń yí. Sílíńdà 1 ni èyí tó wà níwájú, lẹ́bàá rédíétọ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yìnbọn lọ́nà káábúrétọ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé waya méjì ti gba ipò ara wọn.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: táímìnì

Ẹ ṣe kọ́ńtáàtì tán kí ẹ tó fọwọ́ kan táímìnì, ìyẹn àkókò tí sípáàkì ń ta, torí bí àlàfo bá yí, táímìnì náà á yí. Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì kí ẹ́ńjìnnì lè yí wẹ́rẹ́. Ẹ fi àtàǹpàkò dí ihò púlọ́ọ̀gì 1, kí ẹ ti mọ́tò nínú gíà 4 títí afẹ́fẹ́ yóò fi máa tì yín lọ́wọ́, kí ẹ sì máa lọ títí àmì orí púlì yóò fi kan iye dígírì tí ìwé mọ́tò yín sọ. Fún àwọn ẹ́ńjìnnì àkọ́kọ́ tí ìfúnpọ̀ wọn ga, dígírì 10 ni ṣáájú kí písítìnì tó dé òkè, nígbà tí ẹ́ńjìnnì dúró. Bí ẹ bá ń fi iná táímìnì tó ń ṣẹ́jú wò ó nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, 14 ni ní ìyípo 600 ní ìṣẹ́jú kan. Rótọ̀ gbọ́dọ̀ kọjú sí ẹnu sílíńdà 1 nínú ìdérí. Bí ó bá kọjú sí ti 4, ìyípo mìíràn ni ẹ́ńjìnnì wà. Ẹ yí i lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ẹ so gílóòbù àyẹ̀wò mọ́ ẹnu kọ́ìlì tó lọ sí dísítíríbútọ̀ àti ẹ́ẹ̀tì. Ẹ tú bóòtì tó di dísítíríbútọ̀, ẹ ṣí kọ́kọ́rọ́, ẹ yí dísítíríbútọ̀ bí ọwọ́ aago títí gílóòbù yóò fi tàn. Ní ibi tó ti tàn gan-an ni kọ́ńtáàtì ti là. Bí ó bá ti ń tàn kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ yí i lódì títí yóò fi kú. Ẹ di bóòtì, ẹ tún un wò.

Ẹ fa páìpù tó wọ ẹ̀gbẹ́ dísítíríbútọ̀ mú lẹ́nu: pẹpẹ kọ́ńtáàtì gbọ́dọ̀ yí, kó sì dúró síbẹ̀ tí ẹ bá fi ahọ́n dí páìpù. Bí atẹ́gùn bá ń wọlé láìdáwọ́ dúró, awọ inú rẹ̀ ti ya. Mọ́tò á ṣì lọ, ṣùgbọ́n á máa jẹ epo.

Tó bá ń kú nígbà tó bá gbóná nìkan

Àléébù yìí kì í hàn nínú gáréèjì tútù. Mọ́tò á rin bí ogún ìṣẹ́jú, á bẹ̀rẹ̀ sí kọsẹ̀, á kú, ó sì máa jí padà lẹ́yìn tó bá tutù. Kọ̀ńdẹ́ńsà àti kọ́ìlì ló sábà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, ibi tó ti kú yẹn sì ni kí ẹ ti yẹ̀ ẹ́ wò, kó tó tutù. Ẹ gbé ọkọ̀ kúrò lójú ọ̀nà, ẹ ṣí ìdérí kíá, ẹ ṣe àyẹ̀wò mílímítà 6. Bí sípáàkì bá rọ tàbí kò sí, ẹ so kọ̀ńdẹ́ńsà kejì síta bí mo ṣe sọ. Bí kò bá yí nǹkan padà, tí fólítì ẹnu kọ́ìlì méjèèjì sì tọ́, kọ́ìlì ni. Bí sípáàkì bá nípọn tó sì ń dún pà nígbà tí mọ́tò náà ṣì kọ̀, ẹ dá ìdérí padà, kí ẹ lọ tẹ́tí sí pọ́ǹpù epo.

Ẹni tó bá ti yọ kọ́ńtáàtì kúrò tó sì fi ẹ̀rọ kékeré onílẹ́kítírọ́níìkì sípò rẹ̀, àyẹ̀wò bátìrì, ẹ́ẹ̀tì, waya funfun àti rótọ̀ kò yí padà fún un. Ṣùgbọ́n kó má fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ ní ṣíṣí láìjí ẹ́ńjìnnì, torí ìyẹn lè ba ẹ̀rọ náà jẹ́, kó sì fi kọ́ńtáàtì àtijọ́ pẹ̀lú kọ̀ńdẹ́ńsà rẹ̀ sínú búùtù. Bí ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ bá kú lójú ọ̀nà, kò ṣeé tún ṣe, ṣùgbọ́n sikurudiráfà kan tó láti dá kọ́ńtáàtì padà sórí pẹpẹ rẹ̀.